Wọ́n Sọ Láìnì Àlejò Ìyá Rẹ Di Ti Onílé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá ìkókó,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ tí í ṣe àna mi, mo sì kí ẹni tuntun tó dé sáàárín yín, ẹni tí mo gbọ́ pé iwájú orí rẹ̀ jọ tèmi, tí ẹkún rẹ̀ sì jọ ti ìyá rẹ. Ọlọ́run tó mú yín fò kọjá òkun kò ní jẹ́ kí omi inú ife gbé yín lọ. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìlú àjèjì tí ẹ wà yóò mọ̀ yín lẹ́ni, òtútù ibẹ̀ yóò sì máa yà fún yín lọ́nà. Ara mi le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀, orúnkún yẹn kò sì tíì purọ́ fún mi rí bíi ti rédíò. Ilé náà wà dáadáa, ìyẹn ni pé kò tíì wó.

Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ọmọ mi, mi ò sì lè tún gbé e lé fóònù lọ́wọ́ pé kó bá mi tún un ṣe. Jókòó dáadáa kí o kà á, gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, má sì kà á sókè kí ìyá rẹ má baà gbọ́, títí wàá fi dé ibi tí mo ti ní kí o kà á sókè.

O rántí pé nígbà tí ìyá rẹ ń bọ̀ wá bá ọ tọ́jú ọmọ, àdéhùn èmi àti òun ni pé bí ìwọ́ ọmọ bá ti já, tí ọrùn rẹ̀ sì ti lè dúró, òun yóò padà wálé. Ó ní bí òun ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, kí òun tó rí ọ níta, ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn dígí fọwọ́ pe òun, ó ya òun ní fọ́tò, ó yẹ ìwé ìrìnnà òun wò, ó sì fi láìnì kan sínú fóònù òun. Ó ní ti àwọn àlejò ni, pé bí oṣù bá ti pé, láìnì náà yóò kú fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo gbóríyìn fún ìlú yẹn. Mo sọ fún onígbàjámọ̀ tó wà ní orígun ọ̀nà wa pé àwọn yẹn mọ̀wà hù. Níbí, bí àlejò bá pẹ́ jù, a ó máa yán níwájú rẹ̀, a ó máa gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní yé e. Lọ́hùn-ún, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn jẹ́ kí fóònù àlejò kú, àlejò á mọ̀ pé ilé ti ń pe òun.

Láìnì àlejò yẹn bá wa ṣe dáadáa. Ní gbogbo àárọ̀, bí mo bá ti bọ́jú tán, màá pe nọ́ńbà rẹ̀, màá jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan péré, màá pa á. Òun náà yóò pè mí padà, yóò dún lẹ́ẹ̀kan, yóò pa á. Fìláàṣì ni ẹ̀yin ọmọ ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo jí, ṣé ìwọ náà jí? Mo jí. O ti bínú sí wa lórí èyí rí, o ní o ti fi owó sí fóònù náà, kí ló dé tí a ò gbé e kí a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, ọmọ mi. Bí a bá gbé e, kí la fẹ́ sọ tó ju pé a jí lọ?

Jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ, nítorí ìyá rẹ kò ní sọ ọ́, ojú á tì í. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, màá ti so ayùn mọ́ ẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ kò gba ọkùnrin láyè lágbàlá, ì báà ṣe àkùkọ adìẹ aládùúgbò. Bí mo bá lu agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé mo ń kọjá, mo wà láàyè. Bí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé jáde wá, mo ti dúró lábẹ́ igi níwájú. Kò sígbà tí mo lu méjì tí kò jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé garawa ló máa gbé dání bí ẹni tó ń lọ pọnmi, nígbà tí omi ti kún ilé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ gbọ́ agogo yìí títí, ó rò pé àwọn ewúrẹ́ òun ló ń dí mi lọ́nà, ó bá so gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ó sì dá mi dúró lọ́jọ́ kan láti tọrọ àforíjì. Mo ní kò burú. Àwọn ewúrẹ́ yẹn kò dárí jì mí títí wọ́n fi tà wọ́n.

Látìgbà tí a ti fẹ́ra, a ò lo méjì mọ́. Inú ilé kan náà la jọ wà, ta ni yóò pe ta jáde? Ọ̀kan yẹn ló ṣẹ́ kù fún wa, òun náà la sì gbé wọnú fóònù.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ yín, ó rí ibi tí wọ́n to páálí aláwòrán sí fún àwọn àlejò, àwòrán afárá ìlú yín wà níwájú, ibi ìkọ̀wé wà lẹ́yìn. Ó kọ ọ́, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìfi sínú àpò ìwé. Mi ò rí irú lẹ́tà yẹn rí, lẹ́tà tó bọ́ra sílẹ̀ tó ń rìn káàkiri ìlú. Apínlẹ́tà ti kà á kó tó dé orígun ọ̀nà, ó kà á fún onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ kà á fún ẹni tó ń fárí lọ́wọ́. Kí n tó fojú kàn án, àwọn èèyàn ti ń pàdé mi lọ́nà, wọ́n ń rán mi létí pé kí n máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lálẹ́, kí n sì jáwọ́ nínú wíwọ ẹ̀wù búlúù tó ti ya lábíyá. Apínlẹ́tà tilẹ̀ gbé apá mi sókè láti wò ó. Mi ò bínú. Mo ti kan férémù fún páálí náà, mo sì ti gbé e kọ́ sára ògiri yàrá, ṣùgbọ́n ibi ìkọ̀wé ni mo jẹ́ kó kọjú síta, afárá ló kọjú sí ògiri. Afárá kò bá mi sọ nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìyá rẹ pè mí tí a sọ̀rọ̀, ó ròyìn íńtánẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Ó ní àwọn àlejò máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíì ní ìsàlẹ̀ ilé yín, pé ẹni tó bá ra ife kan, wọ́n á fún un ní kọ́kọ́rọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sórí bébà pélébé, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Mo ní ṣé olè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni? Káfíńtà ni mí, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn tí mi ò lè kà, mi ò gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ rí. Ó ní bí òun bá ti lè jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, íńtánẹ́ẹ̀tì náà ti tán nìyẹn. Mo ní kó gbé tíì náà lọ sílé láìmu ún, bóyá inú rẹ̀ ló wà. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù tíì yẹn ló wà lọ́jọ́ tí a fi fóònù onígbàjámọ̀ rí ojú ara wa, nítorí tèmi kì í ṣe irú èyí tó lójú. Mo wọ ẹ̀wù tó dáa, mo ní kí onígbàjámọ̀ gbá irun ilẹ̀ kúrò kí ìyá rẹ má rò pé inú ẹ̀gbin ni mo ń gbé. A ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì tó dúró gbagidi, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo mọ ìyá rẹ. Bó bá dákẹ́ báyẹn, nǹkan pàtàkì ló ń rò. Mo bá dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mira. Onígbàjámọ̀ fá orí odindi ẹnì kan tán, ó yíjú, ó rí bí mo ṣe dúró, ó fi igbe ta, ó rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú mi. Ó wo fóònù, ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló já. Kó máa já, èmi gbádùn ìdákẹ́ yẹn. Ó pẹ́ tí èmi àti ìyá rẹ ti jókòó dákẹ́ síwájú ara wa, bí a ṣe máa ń ṣe lágbàlá nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ̀yin ọmọ bá ti sùn, tí òun ń tú irun, tí èmi ń pọ́n ayùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Onígbàjámọ̀ ránṣẹ́ pè mí pé ọ̀rọ̀ gígùn kan ti wọlé sórí fóònù òun láti ọ̀dọ̀ rẹ. Mo sáré débẹ̀, mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé, ọwọ́ òun náà sì dí. Ó ní kí n ṣáà tẹ àwòrán àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mo ti rí i, bó bá yá òun á kà á fún mi. Ọmọ mi, mo mọ àtàǹpàkò. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wa ṣì ń ṣí lójoojúmọ́, bí ẹrù rẹ bá dé, wọ́n á ní kí o ti àtàǹpàkò bọ íńkì, kí o tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ńlá, àti ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù ti dé ọwọ́ mi. Kò túmọ̀ sí pé ẹrù náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti fi àtàǹpàkò gba ìfági tó ṣẹ́ sójú ọ̀nà rí, mo tẹ̀ka tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Bí mo ṣe tẹ tìrẹ náà nìyẹn, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ nu ṣòkòtò lẹ́yìn rẹ̀ nítorí íńkì.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó ka ọ̀rọ̀ náà. O ní ẹ fẹ́ kí ìyá rẹ dúró tì yín títí ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. O ní ìyá rẹ ní ohun tí bàbá rẹ bá sọ lòun máa ṣe. O ní ṣé mo gbà. Àtàǹpàkò mi sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó nà róró, ó ń dán. Onígbàjámọ̀ wò mí, ó ní bí èèyàn bá nà án báyẹn, ó ti gbà nìyẹn. Mo ní kó pa á rẹ́ kíá, ó ní ẹ ti rí i, ẹ sì ti fi ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ padà. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò mọ̀ pé ìka náà ẹyin ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, mo pa á, mo dúró. Ìyá rẹ kò dá a padà. Mo ní bóyá ọmọ ló ń wẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, títí di àárọ̀ tí mo pè tí obìnrin mìíràn gbé e. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi pe ìyàwó mi, kò tilẹ̀ dákẹ́ kó gbọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ lásọtúnsọ lédè yín. Mo bi í léèrè bóyá bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn. Mo gbé fóònù náà lọ fún onígbàjámọ̀, ó fi sétí, ó ní ó ti kú. Ọmọ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí àga ìfárí. Ó rí ojú mi, ó yára ní láìnì ni òun wí, láìnì àlejò ló kú, ẹ̀rọ ló sì ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èèyàn. Ó fún mi lómi mu. Ó wá fi hàn mí nínú ọ̀rọ̀ mìíràn tí o kọ ránṣẹ́ pé ẹ ti ra láìnì tuntun fún un, ti àwọn onílé, èyí tí kì í kú.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bàjẹ́ jù. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí láìnì àlejò, mo mọ̀ pé àlejò ni. Ìlú ti rọra sọ fún un pé ó tó kó máa lọ sílé, ẹ̀yin lẹ lọ sọ ọ́ di onílé. Mo pe nọ́ńbà tuntun náà, mo jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan. Kò dá a padà. Mo sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ó gbé ọ̀rọ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n lè sọ pé rárá. Ó mọ̀ pé màá jà, ó ti ń retí ìjà náà. Nígbà tí mi ò jà, tó jẹ́ pé ìka kan ni mo nà, ó gbà pé àìsí nílé òun ti mọ́ mi lára. Obìnrin tí mo bá gbé láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ó wá rò pé ìka kan péré lòun tó lójú mi.

Kò mọ́ mi lára, ọmọ mi. Ṣé o rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń han, èyí tí ìyá rẹ ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi epo sí láti ìgbà tí o ti ń rákò? Gbogbo ìlú ló ń gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ mi, ti ilé mi ló ń sunkún. Ó lọ tán, mo ní kí n ṣe é kó tó dé, kí n fi dá a lára yá. Mo fi epo sí i, ó dákẹ́ pátápátá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé igbe ilẹ̀kùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ìyá rẹ ti jí, pé ó ti bọ́ sí àgbàlá, pé ó ti wọlé padà. Ní báyìí, atẹ́gùn á ṣí i, atẹ́gùn á tì í, mi ò ní gbọ́. Àná ni mo fi àkísà nu epo náà kúrò, kò han mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mi ò sọ pé kí o máa nìkan jìyà o. Mo mọ̀ pé ìwọ àti ọkọ rẹ ń ṣiṣẹ́, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ ti dúró, mo rí i nínú fọ́tò, ó tilẹ̀ ń fi ọrùn náà ṣakọ. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ṣàlàyé ìka náà fún ìyá rẹ. Sọ fún un pé mo ní ẹrù dé ọwọ́ mi ni, mi ò ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, fìláàṣì mi láti orí fóònù tìrẹ kí n lè mọ̀ pé o ti sọ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màá pe nọ́ńbà rẹ̀, yóò dún lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e o, àti obìnrin ẹ̀rọ yẹn, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi wá sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan yẹn. Ìwọ ṣáà wo ojú ìyá rẹ. Bó bá ń wá bàtà rẹ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bó bá ní bàbá yín ló ń fi fóònù ṣeré, tó sì ń wẹ ọmọ lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò ní sọ pé kì í ṣe èmi ni mo tẹ̀ka.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò tíì lu méjì náà látìgbà yìí wá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kò sígbà tí mo lù ú tí kò jáde, mi ò fẹ́ kó jẹ́ orí ewú yìí ni àìjáde àkọ́kọ́ máa wá ṣẹlẹ̀ sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí bí bàbá bá kọ lẹ́tà sọ́mọ tí kò tọrọ owó, apínlẹ́tà gan-an kò ní gbà pé èmi ni mo kọ ọ́. Fi díẹ̀ ránṣẹ́. Táyà kẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti jẹrà, agogo rẹ̀ ti dípẹtà, ó ń wúkọ́ dípò kó dún. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi lọ pàdé ìyá rẹ níbi tí ọkọ̀ bá já a sí. Má fi í gba báńkì inú fóònù o, onígbàjámọ̀ ní wọ́n á ní kí n tẹ ìka sí i, èmi àti ìka ti pínyà. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé.

Ọmọ tí o gbé pọ̀n yóò gbé ọ pọ̀n lọ́jọ́ alẹ́. Iṣẹ́ rẹ kò ní jẹ́ lásán, ilé rẹ kò ní dákẹ́, ìwọ náà yóò sì ní ẹni tí yóò máa bi ọ́ láràárọ̀ bóyá o jí, títí tí eyín fi máa tán lẹ́nu yín. Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí.

Dúró ná. Mi ò tíì lẹ àpò ìwé yìí. Mo mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti dúró de apínlẹ́tà, mo ní kó bá mi fá irùngbọ̀n kó tó dé, fóònù mi sì ń gba iná níbẹ̀ láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́. Onígbàjámọ̀ wò ó, ó ní òkèèrè ni, ẹni náà ṣì í pè ni, kí n gbé àgbọ̀n sókè. Mo gba fóònù, mo fi awò ojú wò ó. Nọ́ńbà tuntun yẹn ni, ti onílé.

Ọmọ mi, látọjọ́ tí mo ti mọ ìyá rẹ, èmi ló ń lu agogo, òun ló ń jáde. Kò ní kẹ̀kẹ́, kò lu agogo fún mi rí láyé. Òní ló kọ́kọ́ lù ú.

Láti ibí ni kí o ti kà á sókè. Sọ fún un pé mo gbọ́. Mo ti jáde, mo dúró sójú ọ̀nà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọṣẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan, onígbàjámọ̀ ń pè mí, mi ò dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń bọ̀, kó máa bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé èmi ni kí n wá, owó táyà tí mo tọrọ yẹn, fi kún owó ọkọ̀ òfurufú. Kí o sì tètè lọ bá ọmọbìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn dígí yẹn, kó bá mi fi láìnì kan pamọ́. Kó má fún mi ní ti onílé o. Ti àlejò ni mo fẹ́, èyí tó máa ń tètè kú, nítorí mi ò ní pẹ́, ẹnì kan ni mo fẹ́ wá mú.